Ẹ̀dà sọ́fíwíà tuntun fún mọ́dúlétọ̀ kébù: èwo lẹ máa gbà, èwo lẹ máa fi sílẹ̀?

Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà sọ́fíwíà tuntun sábà máa ń ní apá méjì. Apá òkè ni wọ́n ti ń pariwo: ohun tuntun rèé, òmíràn tún rèé. Apá ìsàlẹ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré, ni àwọn àṣìṣe tí wọ́n ti tún ṣe àti àwọn tí wọn ò tíì rí tún ṣe wà. Ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí àṣìṣe tó ń yọ mí lẹ́nu bá wà lára èyí tí wọ́n tún ṣe, ọ̀rọ̀ ti ń dùn nìyẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ohun tó wà lókè gbọ́dọ̀ tó nǹkan tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ pa ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, mọ́dúlétọ̀ ni àpótí tó ń gba àwòrán àti ohùn láti ojú ihò HDMI, SDI, ASI tàbí láti inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó ń fún un pọ̀ kó lè kéré, tó sì ń gbé e gun ìgbì RF kó lè gba inú kébù dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ́fíwíà inú rẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe máa fún àwòrán pọ̀, irú QAM tó máa lò (ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà gbé bíìtì gun ìgbì), orúkọ tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ àti nọ́ńbà tó máa jókòó lé. Bí nǹkan bá wá bàjẹ́, ẹni tó máa jìyà rẹ̀ kì í sí nínú yàrá ẹ̀rọ rárá. Dikódà (ohun tó ń tú àwòrán padà nínú tẹlifíṣọ̀n tàbí àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀) tó ti gbó jù, tó wà ní ìparí wáyà tó gùn jù, ni. Òun ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo fẹ́ gbé síra wọn nísàlẹ̀ yìí.

Kẹ́ ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà, àbí kẹ́ ẹ gbà á?

Ẹ̀dà àtijọ́ ní àǹfààní kan tí ẹ̀dà tuntun kò ní: ẹ ti mọ ìwà rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń ṣe wàhálà bí wọ́n bá yọ HDMI tí wọ́n tún un kì bọ̀ ọ́. Ẹ mọ bùráúsà tí ojú ìwé rẹ̀ kì í ṣí sí. Ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́ ọ. Ìwà ẹ̀dà tuntun, ẹ̀yin lẹ máa lọ kọ́ ọ, àwọn oníbàárà yín ló sì máa san owó ẹ̀kọ́ náà.

Síbẹ̀, àwọn àṣìṣe kan wà tí n kì í jiyàn lé lórí. Bí ìwé náà bá sọ pé ẹnikẹ́ni lè wọ ojú ìwé àbójútó láìní ọ̀rọ̀ aṣínà, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni màá gbà á. Bó bá sọ pé ẹ̀rọ máa ń dì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan àfi tí wọ́n bá pa á tàn, màá gbà á. Bó bá sì dárúkọ PCR, etí mi á là. PCR ni aago tí mọ́dúlétọ̀ ń fi ránṣẹ́ sí dikódà kí àwọn méjèèjì lè jọ máa rìn. Aago 27 MHz ni. Ohun tí DVB, ìyẹn ìlànà tẹlifíṣọ̀n díjítà, fẹ́ ni pé kí àlàfo àárín ọ̀kan sí èkejì má ju mílísẹ́kọ́ńdì 40 lọ, kí àṣìṣe inú rẹ̀ má sì kọjá nánósẹ́kọ́ńdì 500. Nígbà tó bá yẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè yín pé PCR yín ti yẹ̀ o. Ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé ẹnu oníròyìn ò bá ohùn rẹ̀ mu, tàbí pé àwòrán ń ta gìrì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á pààrọ̀ wáyà, wọ́n á pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ sọ́fíwíà ló jẹ̀bi.

Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí, èmi á dúró díẹ̀. Kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ lò ó fún oṣù kan tàbí méjì. Ojo kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀dà tòun máa jẹ́ kí mọ́dúlétọ̀ yín gba HDMI tó ní ààbò HDCP, ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó ni àwòrán ló fi ààbò yẹn síbẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n máa pín in káàkiri. Ìwé àṣẹ ló yẹ kẹ́ ẹ wá lọ, kì í ṣe sọ́fíwíà.

64-QAM àti 256-QAM

Èyí ló máa ń fa ojú mọ́ra jù. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé 64-QAM nìkan ló mọ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ̀dà tuntun dé, ó lóun ti lè ṣe 256. Lójú ẹsẹ̀, àyè fẹ̀ sí i, ẹ ò sì ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká fi oko ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà la fẹ́ kọ ebè sí. Ní 64-QAM, ebè 64 ló wà lórí rẹ̀, 8 ní ìbú, 8 ní òró. Àyè wà láàárín wọn. Ẹni tó ń kọjá lè ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀ kó má tẹ ebè. Ní 256-QAM, ebè 256 ló há mọ́ ilẹ̀ yẹn kan náà, 16 ní ìbú, 16 ní òró. Ebè kọ̀ọ̀kan ń gbé bíìtì 8 dípò 6, àmọ́ ẹsẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè mọ́. Ariwo inú kébù ni ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ yẹn. Kó má bàa tẹ ebè, sígínà gbọ́dọ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú nǹkan bíi 6 dB.

| | 64-QAM | 256-QAM |
|---|---|---|
| Bíìtì tí àmì kọ̀ọ̀kan ń gbé | 6 | 8 |
| Ẹrù tó wọ ọ̀nà 8 MHz (DVB-C, àmì mílíọ̀nù 6.875 ní ìṣẹ́jú-àáyá) | 38.01 Mbit/s | 50.69 Mbit/s |
| Ẹrù tó wọ ọ̀nà 6 MHz (J.83 Annex B) | 26.97 Mbit/s | 38.81 Mbit/s |
| MER tí mo máa ń fẹ́ rí lẹ́nu dikódà, ó kéré tán | 28 dB | 34 dB |

Ọ̀nà kan ni àyè fíríkúẹ́ńsì kan, tí ìkànnì púpọ̀ lè jókòó sí. Ìlà kejì ni olùtajà máa fi hàn yín. Ní ọ̀nà 8 MHz, nǹkan bíi 12.7 Mbit/s lẹ fi lérè, ó sì tó gba ìkànnì HD kan dáadáa, kó tún ṣẹ́ kù. Ìlà tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fi da olùtajà lóhùn. MER ni ìwọ̀n bí sígínà ṣe mọ́ tó. Mọ́dúlétọ̀ tó dáa máa ń yọ ju 40 dB lọ lẹ́nu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbé tẹlifíṣọ̀n sẹ́nu mọ́dúlétọ̀. Áńpílífáyà wà lójú ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti pín wáyà wà níbẹ̀, orí wáyà tí ọrinrin ti wọ̀ náà ò gbẹ́yìn.

Mo ti jìyà èyí rí. Ilé alájà mẹ́fà kan ni. Nínú yàrá ẹ̀rọ nísàlẹ̀, mítà mi ka 41 dB, inú mi dùn, mo yí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 256 pọ̀. Mo ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́ nígbà tí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pè láti òkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí ò dáa o. Àwòrán ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Bàbá tó ni yàrá ní ta ló fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n àwọn."

"Kí ni mítà kà?"

"Ọgbọ̀n. Ó tún ń lọ sílẹ̀."

Orí wáyà kan ló ti dípẹtà lára pákó ìpínwáyà àjà kẹrin. Nígbà tá a pààrọ̀ rẹ̀, mítà gun 33. Ó sàn, àmọ́ kò tó. Kí ni mo wá ṣe? Mo dá ọ̀nà méjì padà sí 64, mo fi méjì sílẹ̀ lórí 256. Ọ̀pọ̀ mọ́dúlétọ̀ ló ń jẹ́ kéèyàn yan QAM ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àwọn èèyàn kì í sì í rántí. Fíríkúẹ́ńsì tó wà lókè ni kébù máa ń jẹ jù. Nítorí náà, ẹ fi 256 sórí ọ̀nà tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi 64 sórí èyí tó wà lókè. Ẹ̀rù tó ń ba yín nípa yàrá ìparí á dín kù.

Ohun kan tún bá èyí tan. Àwọn ẹ̀dà kan máa ń ta kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ọ̀nà RF púpọ̀ sí i, bíi láti 4 sí 8. Agbára tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà ló ní láti pín ara rẹ̀: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 3 dB. Ẹ tún un wọ̀n kẹ́ ẹ tó yọ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé Annex kan náà, ìyẹn ẹ̀ka ìlànà kébù kan náà, ni mọ́dúlétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún Annex B nìkan kò ní gbọ́ Annex A, bó ti wù kí sígínà mọ́ tó.

MPEG-2, H.264 àti HEVC

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà fún àwòrán pọ̀ nìyí. Àgbà nínú wọn ni MPEG-2, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí dikódà tí ò gbọ́ ọ. H.264 jáde ní 2003, HEVC ní 2013. Fún ìkànnì HD kan, ohun tí mo máa ń fún MPEG-2 jẹ́ bíi 14 Mbit/s, H.264 bíi 8, HEVC bíi 5. Lórí ọ̀nà 64-QAM tó gba 38, ìyẹn túmọ̀ sí ìkànnì 2, 4, tàbí 7. Téèyàn bá wo ìṣirò yìí nìkan, á ní kí ló tún kù tá a ń rò.

Ohun tó kù ni tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. Èyí tí ò mọ HEVC kì í sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Á gbé ohùn jáde, ojú rẹ̀ á dúdú. Ẹni tó ni ín á ní ìkànnì yín ti bàjẹ́. Kẹ́ ẹ tó yí ìkànnì kan sí HEVC, ẹ lọ ka àwọn tẹlifíṣọ̀n tó wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́wàá bá jẹ́ ti àtijọ́, H.264 ni màá dúró sí. Àyè tí mo máa rí gbà kò tó ìpè tí mo máa gbà.

Ẹ tún mọ̀ pé sọ́fíwíà lásán kò lè kọ́ ṣíìpù ní ohun tí ṣíìpù ò bí mọ́ ara. Bí ẹ̀dà tuntun bá mú HEVC wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣíìpù ti mọ̀ ọ́n ṣe látilẹ̀, wọ́n kàn tì í pa ni. Ẹ béèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àbí tita ni, kẹ́ ẹ tó máa sọ fún oníbàárà.

Ohun tuntun tó wúlò tí wọn ò sì pariwo rẹ̀ tó ni ọ̀nà ìdádúró kékeré. Nígbà tí mọ́dúlétọ̀ bá ń fún àwòrán pọ̀ lọ́nà ti gbogbo ìgbà, ó máa ń lo B-frame, ìyẹn àwòrán tó ní láti dúró de èyí tó wà níwájú rẹ̀ kó tó lè parí. Ìdúró yẹn àti àkójọ inú dikódà lè tó ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù kò bìkítà. Àmọ́ bí ẹni tó wà nínú yàrá bá ń fi rìmóòtù darí àpótí tó wà nísàlẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, kò ní rí nǹkan, á tún tẹ̀ ẹ́, á wá fò kọjá ibi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, àti gbọ̀ngàn tí àwọn tó wà níta ti ń gbọ́ ohùn olùbánisọ̀rọ̀ gangan kí tẹlifíṣọ̀n tó sọ ọ́. Níbẹ̀, ẹ tan ọ̀nà ìdádúró kékeré. Ẹ ní láti fi Mbit/s kún un o, torí pé láìsí B-frame, àwòrán ò ní fi bẹ́ẹ̀ fún pọ̀.

Ti ohùn kò gùn. AC-3, AAC àti MPEG-1 Layer II ni ẹ máa rí. Ẹ yan èyí tí dikódà àtijọ́ yín gbọ́. Bí ẹ̀dà tuntun bá lè mú ohùn ìkànnì gbogbo dọ́gba, bíi sí −23 LUFS ti EBU R 128 (ìlànà ìwọ̀n ohùn ti àwọn oníròyìn Yúróòpù), ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i, wọ́n á kàn jáwọ́ nínú àròyé pé ìpolówó ń di àwọn létí.

Orúkọ, nọ́ńbà àti tábìlì

Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀dà tuntun ń mú wá, èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ti dójú tì mí jù.

Àwọn tábìlì kan ń bá àwòrán rìn nínú kébù. PAT àti PMT ń sọ ibi tí àwòrán àti ohùn ìkànnì kọ̀ọ̀kan wà. SDT ló gbé orúkọ rẹ̀. NIT ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe tò, inú rẹ̀ ni LCN sì máa ń wà, ìyẹn nọ́ńbà tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìkànnì jókòó lé lórí rìmóòtù. EIT ń gbé ètò tó ń lọ àtèyí tó kàn, TDT ń gbé aago.

Ní ẹ̀dà àtijọ́, mọ́dúlétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ NIT tirẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀. Ẹ ní ẹ̀rọ mẹ́ta, ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni dikódà ń kà. Ẹ̀dà tuntun tó dáa á jẹ́ kí wọ́n jọ pín NIT kan, tí gbogbo ìkànnì àti LCN wọn wà nínú rẹ̀. Nígbà náà, bí ẹ bá ní ìròyìn wà lórí 5, orí 5 ló máa wà ní gbogbo yàrá. Ohun kan ṣoṣo ni pé àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tí kì í ka LCN kébù sí àfi bí wọ́n bá yan orílẹ̀-èdè kan pàtó nígbà tí wọ́n ń wá ìkànnì. Ẹ dán ẹ̀yà tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan wò.

Ohun kékeré kan wà lábẹ́ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ wá nínú ìwé àtúnṣe. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹ̀dà tirẹ̀, láti 0 dé 31. Bí ẹ bá yí orúkọ ìkànnì padà, nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ yí, kí dikódà lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àwọn sọ́fíwíà kan máa ń gbàgbé. Ẹ yí orúkọ padà lówùúrọ̀, ti àtijọ́ ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn ti tún èyí ṣe, ó tó ìdí fún mi láti gbà á.

Èyí tó dójú tì mí ńkọ́? Ẹ̀rọ méjì ni mo fi ẹ̀dà tuntun sí lálẹ́ ọjọ́ kan, ìkànnì mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé wọn sọ ọ́, n kò kà á dé ibẹ̀: ẹ̀dà yẹn máa ń dá gbogbo ètò padà sí ti ilé-iṣẹ́. Mo tún fíríkúẹ́ńsì kọ, mo tún orúkọ kọ, mo ní ó parí. Nígbà tí wọ́n wá ìkànnì, mẹ́rin péré ló jáde. Mo yẹ kébù wò, mítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo pààrọ̀ wáyà tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Nǹkan bíi wákàtí méjì kọjá kí n tó ṣí ojú ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. TSID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpapọ̀ ìkànnì tí ẹ̀rọ gbé jáde, ti èkíní: 1. TSID ti èkejì: 1. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìkànnì wọn náà, 1 sí 4, 1 sí 4. Dikódà rí mẹ́rin, ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó tún rí mẹ́rin mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó fi wọ́n bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Mo yí 1 sí 2, ìkànnì mẹ́jọ pé.

Àwọn ẹ̀dà kan ti ń dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ yìí fún ara wọn, kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀. Ó dáa títí dọjọ́ tí ẹ̀rọ kan bá kú tẹ́ ẹ sì fi òmíràn rọ́pò. Nọ́ńbà tuntun ni tuntun máa mú wá, gbogbo tẹlifíṣọ̀n á sì ní láti tún ìkànnì wá. Èrò tèmi: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ tábìlì fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ TSID àti nọ́ńbà ìkànnì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbì kan tó jìnnà sí ẹ̀rọ náà.

Àwòrán tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé: UDP àbí SRT

Bí orísun àwòrán yín bá wà nínú ilé kan náà, UDP multicast, ìyẹn fífi ẹrù kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ti tó, kò ní wàhálà. Páálì TS kan, ìyẹn ìdì kékeré tí wọ́n ń gé àwòrán àti ohùn sí, jẹ́ báìtì 188. Méje ni wọ́n máa ń kó sínú ẹrù UDP kan, ó di báìtì 1316, ó sì wọ inú 1500 ti Ethernet láìfún. Ohun tí ò ní ni pé bí ẹrù kan bá sọnù, ó ti sọnù nìyẹn.

SRT, tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2017, máa ń ní kí olùránṣẹ́ tún èyí tó sọnù fi ránṣẹ́, ó sì lè fi AES dì í kí ẹlòmíì má bàa yọjú wò ó. Bí àwòrán bá ń gba íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, òun ni. Iye ìdádúró tó bá a wá jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 120, èyí tí kì í tó bí ọ̀nà bá jìn; ẹ wọn àkókò lílọ àti bíbọ̀, kẹ́ ẹ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sí i. Fún wáyà tí gígùn rẹ̀ ò ju mítà mẹ́wàá lọ, SRT kàn jẹ́ àṣejù.

Ẹ̀dà tuntun tún lè mú IGMPv3 wá dípò IGMPv2. IGMP ni ẹ̀rọ fi ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé òun fẹ́ gba multicast kan. Ó wúlò bí orísun méjì bá ń lo àdírẹ́sì multicast kan náà, torí á jẹ́ kẹ́ ẹ yan ọ̀kan. Àmọ́ àìsàn kan wà tí sọ́fíwíà mọ́dúlétọ̀ kò lè wò. Àwòrán á wọlé, á dán, ẹ ó jókòó, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ á dúró gbagidi. Bí ẹ bá ka ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀, tó ń sún mọ́ 260, súwíìṣì yín ló ń ṣọ́ IGMP láìsí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbà á pé ṣé wọ́n ṣì wà. Ẹ tan olùbéèrè yẹn lórí súwíìṣì, kẹ́ ẹ fi mọ́dúlétọ̀ lọ́rùn sílẹ̀.

Ojú ìwé àbójútó

Níbí, kò sí ohun tá a fẹ́ wé púpọ̀. HTTPS sàn ju HTTP. SNMPv3 (SNMP ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn) sàn ju v2c, torí gbangba ni v2c ń gbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ yẹn náà sì sábà máa ń jẹ́ "public". Bí ẹ̀dà tuntun bá ń fipá mú yín yí ọ̀rọ̀ aṣínà ilé-iṣẹ́ padà, ẹ má bínú sí i. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ ò nílò API, ìyẹn ojú ọ̀nà tí sọ́fíwíà mìíràn lè gbà darí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ní ogún, ẹ ò ní fẹ́ máa ṣí ogún ojú ìwé.

Bí wọ́n bá ní kí n yàn fún yín

Ilé kan tó ní tẹlifíṣọ̀n díẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò sì so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì: dúró sórí ẹ̀dà tó ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú 64-QAM àti H.264, àfi bí àṣìṣe kan bá ń yọ yín lẹ́nu. Òtẹ́ẹ̀lì: NIT alájọpín àti LCN ni kẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ gbà á, nítorí àlejò tuntun ò ní wá kọ́ nọ́ńbà. 256-QAM lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wọn yàrá tó jìn jù. Ẹni tó ń pín kébù fún ọ̀pọ̀ ilé ni 256-QAM wúlò fún jù, òun náà ló sì ní dikódà àtijọ́ jù. Kó gbé HEVC sórí ìkànnì tuntun nìkan, kó má fọwọ́ kan èyí táwọn èèyàn ti ń wò.

Alẹ́ tẹ́ ẹ máa gbé e wọlé

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà nípa èyí. Ọ̀kan ní àyè kan ṣoṣo fún sọ́fíwíà: tuntun ń kọ ara rẹ̀ lé àtijọ́ lórí. Bí iná bá lọ láàárín méjì, ohun tó máa kù fún yín ni páálí irin. Èkejì ní àyè méjì: tuntun wọ àyè kejì, àtijọ́ jókòó síbi tó wà, bí tuntun bá kọ̀ láti dìde, àtijọ́ á gba iṣẹ́ rẹ̀ padà. Bí ẹ bá ń ra mọ́dúlétọ̀ tuntun, ẹ béèrè èyí ṣáájú QAM. Bó bá jẹ́ alàyè-kan lẹ ní, ẹ má fọwọ́ kàn án láìsí UPS tẹ́ ẹ ti dán wò.

Ẹ wo ẹ̀yìn àpótí kẹ́ ẹ tó gba fáìlì sílẹ̀. Ẹ̀rọ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí pátákó inú wọn yàtọ̀, kí fáìlì wọn sì yàtọ̀. Bí wọ́n bá kọ SHA-256, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì pé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, ẹ fi í wé tiyín. Ẹ fi ètò ẹ̀rọ pamọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí èyí tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ lẹ́yìn ẹ̀dà tuntun, àtijọ́ lè má lè kà á bí ẹ bá padà sí i. Èmi tún máa ń fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó gbé TSID. Ẹ wọn ìwọ̀n sígínà àti MER ní yàrá tó jìn jù, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè ní ohun tẹ́ ẹ máa fi wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà tuntun náà sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èkejì.

Bó bá ti tàn, ẹ má jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ bá dikódà tó gbó jù yẹn. Ẹ pa á, ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó wá ìkànnì fúnra rẹ̀. Ẹ lọ lórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago tó wà ní igun ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ti fóònù yín, torí bí ẹ̀dà tuntun bá ti dá agbègbè àkókò padà sí ti ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́kọ́ rí i: aago á ti fi wákàtí kan tàbí méjì yẹ̀, àkọlé ètò tó ń lọ á sì máa jẹ́ ti èyí tó ti parí.